Asẹ́ Wo Ló Ń Mú Kéékèèké Dúró?

Ní ìparí sáà tó kọjá, ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni n ó fi dáhùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà mí, èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi sì dá lórí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá.

Ìbéèrè náà rèé: "Àṣàkẹ́, ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lò ń kọ́ ní yunifásítì, kí ni Àkànní ní òun fẹ́ lọ ṣe nínú omi iyọ̀ ní Amẹ́ríkà?"

Àkànní ni ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́místírì ni ó kà. Ó rí ààyè gbà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kalifọ́níà láti lọ ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ náà yóò san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn yóò sì máa fún un ní owó tí yóò fi jẹun lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n owó físà, owó ọkọ̀ òfúrufú àti owó ilé tí yóò kọ́kọ́ san, ọrùn tiwa ni ó wà. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ní tó lè pa irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé ni púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, tí ó fi owó ògì san díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Ìyá mi ti sọ nígbà kan pé púlọ́ọ̀tì yẹn ni òun yóò fi ran ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ìwé lọ́wọ́. Èmi náà fẹ́ tẹ̀ síwájú. Mo fẹ́ ka oyè kejì. Nígbà tí ó wá ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún òun, mo mọ̀ pé bí àlàyé náà kò bá yé e, kò ní ta ilẹ̀. Ìyá mi kì í náwó sí ohun tí kò bá yé e.

Mo lọ kàwé ná. Adágún omi kan wà ní gúúsù Kalifọ́níà tí wọ́n ń pè ní Salton Sea. Orúkọ òkun ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n adágún ni. Láàárín ọdún 1905 sí 1907, odò Colorado ya gba ojú kànáàlì tí wọ́n là fún iṣẹ́ oko, ó sì ṣàn wọ inú kòtò ilẹ̀ ńlá kan níbẹ̀. Báyìí ni adágún náà ṣe wà títí dòní. Kì í ṣe omi ojú ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dá lé. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ ìtòsí adágún náà, omi mìíràn wà tí ooru ilẹ̀ ti sè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 300 Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ níbi tó jìn. Ó ti yọ́ àwọn èròjà inú àpáta mọ́ra, nítorí náà ó níyọ̀ ju omi òkun lọ fíìfíì. Wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn sí i. Bí omi náà ṣe ń gòkè ni ó ń di ooru gbígbóná, ooru náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Ilé iṣẹ́ iná mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀, iná tí wọ́n ń mú wá sì tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 400. Tí wọ́n bá ti gba ooru náà tán, wọ́n á dá omi iyọ̀ tó kù padà sí abẹ́ ilẹ̀.

Nínú omi tí wọ́n ń dá padà yìí ni lítíọ́ọ̀mù wà, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù yín àti bátìrì ọkọ̀ tí kì í mu epo. Ní ọdún 2019, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣiṣẹ́ jù lórí bátìrì yìí, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místírì. Gbogbo ayé ló ń wá lítíọ́ọ̀mù báyìí. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní orílẹ̀-èdè Chile, ńṣe ni wọ́n ń da omi iyọ̀ sínú àwọn adágún gbọọrọ gbọọrọ kí oòrùn lè fà á gbẹ, èyí sì lè gbà ju ọdún kan lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ń wá ni ọ̀nà tí wọn yóò fi mú lítíọ́ọ̀mù nìkan láàárín wákàtí díẹ̀, kí omi tó kù sì padà sí ibi tó ti wá.

Bí mo ṣe ń kà á ni inú mi ń dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ẹni tó kọ́kọ́ rí lítíọ́ọ̀mù, Johan August Arfwedson ará Sweden, inú òkúta ni ó ti rí i ní ọdún 1817, ìyẹn ni wọ́n fi fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí òkúta. Ní ọdún 1860, Bunsen àti Kirchhoff ní Jámánì se omi ìsun ìlú Dürkheim gbẹ, èyí tó ju ẹgbàá ogún lítà lọ, wọ́n sì rí èròjà tuntun kan níbẹ̀ tí kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Nítorí àwọ̀ búlúù tí wọ́n rí nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè Látìn fún irú àwọ̀ yẹn sọ ọ́ lórúkọ: caesium. Mo ní nínú ara mi pé, bí àwọn yẹn bá lè sọ ohun lórúkọ, èmi náà lè sọ ọ́.

Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ *Èdè-Ìperí Yorùbá*, apá kìíní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn, a lè sọ̀rọ̀ gírámà láti àárọ̀ dalẹ́ láìyá ọ̀rọ̀ òyìnbó kan. Mo jókòó, mo ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di alẹ́, mo ka ohun tí mo kọ sétí ìyá mi: "Ìyọkúrò ohun àlùmọ́ọ́nì ṣíṣekókó láti inú omi iyọ̀ olóoru abẹ́-ilẹ̀."

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó mà dùn létí o. Kí ló wá ń jẹ́?"

Ológì ni ìyá mi, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn kí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdànù nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ògì ni fún ọjà. Èèrí ni fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́. Omidùn tó bá dúró lórí ògì, àwọn tó ń rẹ àgbo máa ń gbé kéègì wá nítorí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nítorí náà, nígbà tí mo pa ọ̀rọ̀ ńláńlá tì, tí mo sọ pé omi tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ iná tán ni wọ́n tún fẹ́ rí nǹkan mú nínú rẹ̀, ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Omidùn nìyẹn."

Ohun tí kò yé e ni bí lítíọ́ọ̀mù ṣe dénú omi. Ó ti gbọ́ orúkọ náà lọ́jà, nítorí àwọn tó ń wa òkúta lítíọ́ọ̀mù ní àwọn apá kan Òkè-Ògùn tiwa níbí. "Ṣebí òkúta ni?" Mo ní òkúta ni nílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ó ti yọ́ sínú omi ní tiwọn, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. "Báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú omi náà?" Mo ṣírò rẹ̀ fún un lọ́nà tiwa. Ẹ bu omi yẹn kún kéègì lítà 25 kan. Àpapọ̀ iyọ̀ àti èròjà mìíràn tó yọ́ sínú rẹ̀ lè ju kílò mẹ́fà lọ. Lítíọ́ọ̀mù ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún lọ, ìwọ̀n ṣúgà ṣíbí tíì kan.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí gbogbo ìwé tí mo kà kò múra mi sílẹ̀ fún: "Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Ṣé wọ́n ń sẹ́ ẹ ni, àbí wọ́n ń jọ̀ ọ́, àbí wọ́n ń fẹ́ ẹ, àbí wọ́n ń ṣà á?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ wo ohun tí èdè wa ń ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni àwọn tí mo ka ìwé wọn ń lò lójú ewé dé ojú ewé. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níwájú ológì kò lè jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Sísẹ́ kì í ṣe jíjọ̀: omi wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ fífẹ́, ojú àti ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ṣíṣà. Tí o bá ti la ẹnu, o gbọ́dọ̀ mọ bí ohun náà ṣe ń jáde. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣẹ̀dá orúkọ fún ohun tí n kò mọ̀.

Mo rántí pé asẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àpèjúwe ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí wọ́n ń lò, mo sì ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi gẹ́gẹ́ bí "asẹ́ íọ́ọ̀nù". Mo ní, "Wọ́n ń sẹ́ ẹ ni, Màmá. Lítíọ́ọ̀mù wà lára àwọn tó kéré jù nínú àwọn irin inú omi náà. Asẹ́ yẹn á mú lítíọ́ọ̀mù dúró, àwọn tó tóbi á bá omi lọ."

A ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ nígbà náà. Ìyá mi gbé asẹ́ sókè, èèrí wà nínú rẹ̀. Ó nawọ́ sí ògì tó ti lọ sísàlẹ̀. "Àṣàkẹ́, asẹ́ wo ló ń mú kéékèèké dúró, tó ń jẹ́ kí ńláńlá kọjá?"

N kò ní èsì. Ibi tí mo ti yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ níhìn-ín. Mo ní, "Màmá, àwọn tó ti gbìyànjú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò rí i ṣe." Mo sọ fún un pé ní ọdún 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síǹkì nínú omi yẹn gan-an, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2004 nítorí pé kò mówó wọlé. Mo sọ pé ilé iṣẹ́ mìíràn tó dojú kọ lítíọ́ọ̀mù dáwọ́ dúró ní 2015. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka èyí tó wà lódìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 2023, ilé ìwádìí Lawrence Berkeley gbé àbájáde jáde pé bí wọ́n bá lè rí gbogbo lítíọ́ọ̀mù ibẹ̀ yọ, ó lè tó bátìrì ọkọ̀ mílíọ̀nù 375. N kò sọ ìyẹn. Mo gbé ìdajì òótọ́ kalẹ̀, mo sì mọ ìdí tí mo fi gbé e.

Ìyá mi kò bínú, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó kàn ní, "Kí ló dé tí wọn ò rí i ṣe? Pè é fún mi lọ́la."

Ní ọjọ́ kẹta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbé fóònù sáàárín wa. Ìyá mi tún ìbéèrè asẹ́ náà bi í. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní asẹ́ kọ́ ni. Ó ní, "Màmá, ẹ wo ó báyìí. Èròjà tí a ń lò kún fún ihò tó jẹ́ pé lítíọ́ọ̀mù nìkan ló bá a mu. Ó wọ inú ihò, ó dúró síbẹ̀. Àwọn tó tóbi jù ú lọ ò lè wọlé, wọ́n á bá omi kọjá níwájú ilẹ̀kùn. Ọ̀kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, wọ́n ń pè é ní mágínísíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n omi tó dì mọ́ ọn lára dà bí ẹrù tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kì í lè bá ẹrù yẹn wọlé. Tí ihò bá ti kún, a ó dá omi iyọ̀ dúró. A ó wá fi omi tó mọ́, tàbí omi tó kan díẹ̀, ṣan lítíọ́ọ̀mù jáde. Ihò á ṣófo, a ó tún lò ó."

"Ìgèrè!" ni ìyá mi pariwo. "Ìgèrè lẹ ò bá máa pè é látàárọ̀, ẹ̀ ń pè é ní asẹ́!"

Bàbá ìyá mi a máa dẹ ìgèrè sí odò Ògùn. Ìyá mi mọ̀ ọ́n láti kékeré: odò ń ṣàn kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹja tí ẹnu ìgèrè bá gbà ni yóò wọlé tí kò ní lè jáde, títí olówó rẹ̀ yóò fi wá tú u. Èyí tó bá tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá tó súnmọ́ ìyẹn.

Kò tíì tán. Ìyá mi súnmọ́ fóònù. "Àkànní, bí ìgèrè bá pẹ́ lódò, ewé àti ẹrẹ̀ á dí i lẹ́nu. Ìgèrè tiyín yìí, kì í dí?"

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màmá, ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ gan-an nìyẹn." Ó ṣàlàyé pé omi yẹn gbé èròjà yanrìn tó ti yọ́ dání. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá gbóná, kò sí wàhálà. Bí ó bá ti ń tutù báyìí, èròjà náà á máa dì, á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, á sì dí ojú ihò. Irin àti máńgáníìsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń bá jà ni bí ìgèrè yóò ṣe lọ sódò kí ó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láìdí, láìfọ́. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú ife ní ilé ìwádìí kò le. Ṣíṣe é lójoojúmọ́ kí owó tó wọlé ju owó tó jáde lọ ni iṣẹ́.

Ìyá mi ní, "Bí ògì náà ṣe rí nìyẹn."

Ó tún béèrè ohun kan: àwọn tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Ó béèrè bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tí àwọn tó ń wa òkúta ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́ fún un. Ó ní adágún yẹn ń gbẹ, eruku etí rẹ̀ ń fẹ́ wọ àwọn ìlú tó wà nítòsí, àìsàn ikọ́ fée sì ń yọ àwọn ọmọdé ibẹ̀ lẹ́nu. Ó ní omi tó mọ́ tí wọn yóò fi ṣan ìgèrè, inú odò Colorado kan náà tí àwọn àgbẹ̀ ń lò ni yóò ti wá. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ṣòfin ní 2022 láti máa gba owó orí lórí tọ́ọ̀nù lítíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè padà sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Ìyá mi ní, "Òfin ti wà kí nǹkan tó wà. Ó dáa. Kí wọ́n má kàn jẹ́ kí òfin náà dí lẹ́nu."

Ó ta púlọ́ọ̀tì náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Mo sunkún lọ́jọ́ tí ó tà á, n kò ní purọ́. Oyè kejì tí mo fẹ́ kà yóò dúró ná. N óò wáṣẹ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, n óò sì fi owó ara mi padà wá. Ṣùgbọ́n mo pa "asẹ́ íọ́ọ̀nù" rẹ́ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo kọ "ìgèrè íọ́ọ̀nù" rọ́pò rẹ̀. Olùdarí iṣẹ́ mi fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé: ìyá mi, ológì, Ìsẹ́yìn. Ó ní kí n gbé e kúrò ní etí ìwé, kí n gbé e sínú ìwé gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbẹ̀ báyìí. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́, ìyá mi á sì bi í pé, "Ṣé kò dí lónìí?" Nígbà mìíràn ó ti dí. N kò tíì sọ fún un pé ìdajì òótọ́ ni mo sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí a ń sẹ́ ògì yẹn. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí nítorí mi. Bọ̀dá mi, ẹ má bínú.